Ẹran Tó Kan Tí Kò Bàjẹ́

Ọjọ́ kẹta ni mo tó fi imú ara mi gbọ́ ọ. Màmá onílé mi ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé, mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ṣí ọmọrí ìkòkò amọ̀ dídán kan tó jókòó sórí sìmẹ́ńtì tútù, òórùn kan sì là mí nímú: ọtí kíkan, àlùbọ́sà, kànáfùrù, àti ohun kan lábẹ́ wọn tó jọ igbó lẹ́yìn òjò. Odindi ẹran màlúù kan ló rì sínú omi pupa dúdú yẹn. Àwọ̀ rẹ̀ ti kúrò ní pupa, ó ti di eléérú. Ká ní ilé wa ni, ìyá mi ìbá ti lọgun. Lọ́dọ̀ tiwa, bí wọ́n bá ti ní ọbẹ̀ ti kan, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ẹni tó gbàgbé láti gbé e kaná lálẹ́ àná á máa wá ibi tó máa fi ojú sí. Màmá onílé ní tiwọn mú ṣíbí onígi, wọ́n yí ẹran náà padà kí ẹ̀gbẹ́ tó wà lókè náà lè lọ mu. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n dé e, wọ́n ní, "Noch nicht." Kò tíì yá.

Sauerbraten ni wọ́n ń pe oúnjẹ náà. Sauer ni kíkan. Braten ni ẹran ńlá tí a kò gé wẹ́wẹ́, tí iná sè lódindi. Köln ni mo ti rí i, ìlú kan ní Jámánì tí odò Rhine là láàárín, nínú ilé tí mo háyà yàrá kan sí fún ọdún méjì. Màmá onílé ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà yẹn. Látìgbà tí mo dé títí mo fi kó jáde, "Sie" ni wọ́n ń pè mí, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń fi "ẹ" bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ara mi kì í balẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ẹbí níbẹ̀ nìyẹn, mo sì máa ń rò ó lọ́kàn mi pé "Sie" náà ni wọ́n ń pe ẹran. Mo ti jẹ Sauerbraten láwọn ilé ọtí Köln lẹ́yìn ìgbà náà, kò sì sí èyí tí mo lè pè ní burúkú nínú wọn. Síbẹ̀ n kò tíì rí ẹlòmíràn tó lè gbé ẹran dé etí ibi tí àwa ti ń dà á nù, kó sì mú un padà wálé láìfarapa, bíi màmá yìí.

Ọ̀dọ̀ alápatà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nítorí ọ̀sán Àìkú. Wọn kì í ra ẹran tó rọ̀. Alápatà á nawọ́ sí ẹran ẹ̀yìn, èyí tó wọ́n jù, tí wọ́n fi ń ṣe àlejò. Màmá á mi orí. Èjìká ni wọ́n ń fẹ́, apá ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Schaufelstück nítorí egungun ibẹ̀ tó fẹ̀ pẹrẹsẹ bí ẹnu ṣọ́bìrì. Iṣan funfun kan là á já láàárín láti orí dé ìdí, bí ìlà tí wọ́n fi ẹfun fà. Ẹni tí kò mọ̀ á ní kí alápatà yọ iṣan náà dànù, bẹ́ẹ̀ nítorí rẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ra ẹran. Màlúù fi èjìká rìn, ó fi dìde, ó fi gun òkè. Ẹran tó ti ṣiṣẹ́ báyẹn le, ṣùgbọ́n ó ní adùn tí ẹran ẹ̀yìn, tó kàn ń gbé ara rẹ̀ kiri, kò ní. Iṣan yẹn, bí iná jẹ́jẹ́ bá wà lábẹ́ rẹ̀ fún bíi wákàtí mẹ́ta, á yọ́, á di ohun tó ń lẹ ètè pọ̀ bí omi bọ̀kọ́tọ̀. Kílò kan àbọ̀ ni wọ́n ń rà fún èèyàn mẹ́fà. Àwa la máa ń wí pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ọbẹ̀ tèyí, ọjọ́ ló pa á.

Omi tí ẹran á mu wá kàn. Ìdajì lítà ọtí kíkan tí wọ́n fi wáìnì pupa ṣe, ìdajì lítà wáìnì pupa fúnra rẹ̀, àti omi lásán tó ju ìdajì lítà lọ díẹ̀. Àlùbọ́sà méjì, kárọ́ọ̀tì méjì, gbòǹgbò Sellerie kan tó tó ìkúùkù ọmọdé, gbogbo rẹ̀ ní gígé. Ewé bay leaf méjì, hóró ata dúdú, hóró músítádì, kànáfùrù mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀kan tí mo fẹ́ ju ìkarùn-ún sí i, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni èso juniper mẹ́wàá, èyí tí wọ́n ń pè ní Wacholder: hóró dúdú tó ń dán bí aró, òun ni wọ́n fi ń fún ọtí jíìnì ní òórùn tí a mọ̀ ọ́n sí, ó sì ń hù lórí òkè Eifel tí kò jìnnà sí Köln. Òun ni igbó tí mo gbọ́ nínú ìkòkò lọ́jọ́sí. Màmá á fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ tẹ̀ wọ́n ṣáá kí ara wọn ya, wọn kì í gún wọn. Bí a bá gún wọn, wọ́n á korò, wọ́n á sì gba ilé lọ́wọ́ àwọn yòókù.

Wọ́n á jẹ́ kí omi náà hó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gbé e sọ̀, wọ́n á wá fi í sílẹ̀ títí á fi tutù pátápátá. Ibí yìí ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Bí omi gbígbóná bá kan ẹran tútù, ara ẹran á sáré jinná, inú rẹ̀ á sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ìyẹn gan-an ni ìdíbàjẹ́ ń wá. Ìkòkò pàápàá ní òfin tirẹ̀. Amọ̀ dídán ni, tàbí gíláàsì. Ọtí kíkan ń jẹ alumíníọ̀mù, ẹran tó bá sì sùn nínú rẹ̀ á máa rùn bí kọ́bọ̀ lẹ́nu.

Ó wá di ọjọ́ márùn-ún tí kò sí ohun tí ojú rí. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ yí i padà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀. Mo béèrè pé kí ni wọ́n ń gbọ́. Wọ́n ní wọ́n ń gbọ́ bóyá ọtí kíkan àti ẹran ti di òórùn kan, àbí wọ́n ṣì jẹ́ méjì. Èmi ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan títí di ọdún kejì. Wọ́n á ní sùúrù ló ń se òkúta jinná, ṣùgbọ́n sùúrù nìkan ò ṣe iṣẹ́ yìí: ẹran tó bá pẹ́ jù nínú kíkan, ara rẹ̀ á di bí ìyẹ̀fun, á máa fọ́ lẹ́nu láìní adùn. Nígbà tí wọ́n gbà mí láyè láti gé etí kan wò, mo rí òrùka eléérú tó yí ẹran ká, tí kò nípọn tó ìka ọmọdé. Àárín ṣì pupa. Kíkan ò rìn jìnnà bí mo ṣe rò. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń retí iná.

Kí fíríìjì tó dáyé, ohun tí ọtí kíkan ń ṣe gan-an ni pé ó ń fún ẹran ní ọjọ́ díẹ̀ sí i láyé. Àwọn ará Rheinland, agbègbè tí Köln wà, á tún sọ fún yín pé ẹran ẹṣin ni ti àtijọ́, àwọn ilé oúnjẹ díẹ̀ kan sì ṣì wà tó ń fi ẹṣin sè é. Ẹṣin tó ti fa kẹ̀kẹ́ ẹrù títí ó fi darúgbó, ẹran rẹ̀ á le bí awọ bàtà. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ọtí kíkan. Mo rántí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́, mo sì rọra ti àwo mi sẹ́yìn díẹ̀. Màmá ní kí n fọkàn balẹ̀, màlúù ni tiwa. Wọ́n tún ń pìtàn pé Julius Caesar ló fi ẹran inú wáìnì ránṣẹ́ gba orí òkè Alps wá sí Köln. Nígbà ayé Caesar, Köln ò tíì di ìlú. Àmọ́ ìtàn tó dáa ni fún ẹni tí ebi ń pa.

Àárọ̀ Àìkú, ago mẹ́jọ, ni ohun tí mo lè jókòó wò títí ilẹ̀ á fi ṣú: bí wọ́n ṣe ń nu ẹran. Wọ́n gbé e jáde, wọ́n sẹ́ omi rẹ̀ sínú abọ́, wọ́n ya ewébẹ̀ sọ́tọ̀. Wọ́n wá mú bébà ìnuwọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹran lára, wọ́n sọ ọ́ nù, wọ́n mú òmíràn, bí ẹni ń nu ara ọmọ ìkókó lẹ́yìn ìwẹ̀, títí dé kọ̀rọ̀ tí iṣan gbà kọjá. Bébà mẹ́jọ, mo kà á. Omi tó kù lára ẹran kì í jẹ́ kó pọ́n. Omi kì í gbóná ju 100 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, iná tó yẹ kó mú ẹran á sì máa lé omi kiri. Ara ẹran ní láti gbóná tó nǹkan bíi 140 kó tó lè pọ́n, kó sì ní òórùn tó ń pe àwọn aládùúgbò. Louis-Camille Maillard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ̀wé nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1912, bí ṣúgà àti àwọn èròjà bíi ti inú ẹran ṣe ń pàdé nínú ooru tí wọ́n ń di nǹkan mìíràn. Màmá ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Etí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Ìkòkò irin wúwo kan ti wà lórí sítóòfù, pẹ̀lú bọ́tà tí wọ́n ti yọ́ títí omi àti ìfóòfó fi kúrò lára rẹ̀. Wọ́n bu iyọ̀ àti ata sára ẹran, wọ́n gbé e sí i. Ó ké ṣàà. Màmá ò fọwọ́ kàn án mọ́. Èmi ò lè dúró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ mi ti ń lọ síbi ṣíbí. Wọ́n wò mí, mo dá ọwọ́ padà. Ariwo náà ga fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó ń ta pàràpàrà sí ara ògiri, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó di ohùn tó nípọn, bí ìgbà tí òjò bá fi orí páànù sílẹ̀ tó bọ́ sórí ilẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n yí i. Ó fi ìdí ìkòkò sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kò lẹ̀. Wọ́n ṣe ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá gbé e nàró, wọ́n fi ṣíbí méjì dì í mú bí ọmọ tó ń kọ́ ìdúró, kí orí rẹ̀ méjèèjì náà lè rí iná. Ó tó ìdajì wákàtí. Nígbà tí wọ́n gbé e sọ̀, ó dà bí ilẹ̀kùn ilé àtijọ́ tí ọwọ́ ìran mẹ́ta ti fi dán.

Ewébẹ̀ tó ti bá ẹran sùn nínú ìkòkò amọ̀ ló tẹ̀ lé e, títí etí àlùbọ́sà fi bẹ̀rẹ̀ sí dúdú. Wọ́n bu ṣíbí ọbẹ̀ kan nínú omi kíkan yẹn sí i. Ó hó, ó gbẹ, ó ku ohun dúdú kan tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Wọ́n fi ṣíbí onígi ha á, wọ́n bu òmíràn, ó tún gbẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ablöschen ni wọ́n ń pè é, bí ẹni ń pa iná. Ọ̀pọ̀ ìwé oúnjẹ á ní kí ẹ da gbogbo omi sí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ lè dà á, ẹ ó jẹ ẹran, ṣùgbọ́n àwọ̀ ọbẹ̀ yín á dà bí ti omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò. Àwọ̀ Sauerbraten, inú gbígbẹ mẹ́ta yẹn ló ti ń jáde. Kí ẹ sì má gbé ojú sún mọ́ ọn nígbà náà: èéfín ọtí kíkan kò mọ àlejò yàtọ̀ sí onílé.

Wọ́n dá ẹran padà, wọ́n bu omi dé ìdajì ara rẹ̀, wọ́n dé e. Àbọ̀ rẹ̀ wà nínú omi, àbọ̀ wà nínú ooru; iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní schmoren. Iná rẹ̀ kéré débi pé mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti wò ó bóyá ó ti kú. Omi náà kò gbọdọ̀ hó yaya. Kó sọ lẹ́ẹ̀kan, kó sinmi, kó tún sọ. Iṣan fẹ́ ooru tó pẹ́ kó tó yọ́, ṣùgbọ́n bí ooru náà bá le jù, fọ́nrán ẹran á sún kì, á fún omi ara rẹ̀ jáde bí ẹni fún aṣọ. Ní nǹkan bí ago mẹ́wàá, a jókòó sí pálọ̀, à ń mu kọfí, màmá dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. "Ó ti ń sáré," ni wọ́n wí. Wọ́n dìde lọ dín iná kù. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan.

Wákàtí mẹ́ta yẹn kì í ṣe ìsinmi. Ìpínlẹ̀ Thüringen ni ìyá tó bí màmá onílé ti wá, níbi tí ọ̀rọ̀ Klöße kì í ti í ṣe ọ̀rọ̀ eré, nítorí náà ìyẹ̀fun inú páálí ò wọlé wọn. Klöße ni òkèlè pòtétò róbótó tó kún ọwọ́ kan. Ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ pòtétò tútù. Wọ́n rin ín lórí ohun tó jọ èyí tí a fi ń rin ilá, sínú omi kó má baà dúdú, wọ́n dà á sínú àpò aṣọ, wọ́n sì ń fún un. Ibí yìí ni mo ti fi wíwò sílẹ̀, mo gba àpò náà lọ́wọ́ wọn. Ta ló fẹ́ kọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú bí wọ́n ṣe ń fún omi jáde lára ohun tí a rin? Mo lọ́ ọ títí ohun tó kù nínú rẹ̀ fi gbẹ bíi gààrí tí kò tíì dé orí agbada. Màmá tẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n wojú mi, wọ́n mi orí sí i. Ọ̀rọ̀ ìyìn kan ṣoṣo tí mo gbà ní ọdún yẹn nìyẹn.

Wọn ò kánjú da omi rẹ̀ nù. Wọ́n jẹ́ kó tòrò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n rọra dà á kúrò, sitáàsì funfun sì wà nísàlẹ̀ abọ́, gẹ́lẹ́ bíi ti ẹ̀gẹ́. Wọ́n ha á padà sínú pòtétò. Ìdá kẹta, tí wọ́n ti sè tí wọ́n ti tẹ̀ títí ó fi rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu, ni wọ́n dà lé e lórí ní gbígbóná fífọ́, kí ooru rẹ̀ lè mú sitáàsì náà dì. Ní àárín òkèlè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi burẹ́dì kéékèèké tí wọ́n dín nínú bọ́tà sí. Omi tí wọ́n sọ wọ́n sí gbóná, kò hó. Wọ́n rì, wọ́n dúró nísàlẹ̀ bí ẹni ń ronú, wọ́n sì léfòó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọba Frederick Kejì ti Prussia ló pàṣẹ ní 1756 pé kí àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ máa gbin pòtétò. Títí di òní, àwọn èèyàn ń gbé pòtétò sórí ibojì rẹ̀ ní ààfin Sanssouci. Nígbà tí mo gbọ́, ohun tí mo béèrè ni bóyá wọ́n ń da omi tútù sílẹ̀ pẹ̀lú.

Kábéèjì pupa náà wà lórí iná, pẹ̀lú ápù àti kànáfùrù. Ohun kan péré ni mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀: bí kò bá rí kíkan, ó máa ń di àwọ̀ aró, bí wọ́n bá sì ta ọtí kíkan sí i, á pupa padà níṣojú ẹni. Ní ìhà gúúsù Jámánì, Blaukraut, kábéèjì aláwọ̀ aró, ni wọ́n ń pè é. Ní Köln, kábéèjì pupa ni.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ irin gígùn bá wọ ẹran tó sì jáde láìjẹ́ pé ẹran dì í mú, wọ́n á gbé ẹran jáde, wọ́n á bò ó, á máa sinmi. Iṣẹ́ gidi wá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí èmi rò pé ó ti parí. Wọ́n sẹ́ ọbẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ ewébẹ̀ lórí asẹ́ kí èyí tó kù nínú rẹ̀ jáde. Mo tọ́ ọ wò. Ojú mi pa dé fúnra rẹ̀. Kíkan náà mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bí ọwọ́ olùkọ́. Tí mi ò bá mọ ẹni tó sè é, ǹ bá ní ọjọ́ márùn-ún ti ṣòfò.

Wọ́n mú Printen jáde láti inú agolo. Bísíkíìtì líle ni, láti ìlú Aachen tó wà ní ẹnu ibodè Belgium àti Netherlands. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ló ń ṣọ́ orúkọ Aachener Printen, ẹnikẹ́ni ò kàn lè sọ tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Sínámọ́nì, kànáfùrù, aníìsì àti kọriáńdà wà nínú rẹ̀. Wọ́n fọ́ ọ, wọ́n rún un sínú ọbẹ̀ tó ń gbóná, ó sì ṣe iṣẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan: ó mú ọbẹ̀ ki, ó mú un dùn, ó sì gbé òórùn tuntun wá bá ti juniper. Àwọn ará Jámánì tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ò rí Printen rà níbẹ̀, bísíkíìtì atalẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, títí di òní olónìí sì ni ìwé oúnjẹ Amẹ́ríkà ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn Printen ni Rübenkraut, omi ṣúgà dúdú tó ki bí oyin, tí wọ́n sè jáde láti ara gbòǹgbò funfun kan, ìyẹn ìbátan bíìtì. Andreas Marggraf ló fi hàn ní Berlin ní 1747 pé ṣúgà inú gbòǹgbò yìí kò yàtọ̀ sí ti ìrèké. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, Franz Karl Achard, sì dá ilé iṣẹ́ tó ń fún ṣúgà láti inú rẹ̀ sílẹ̀ ní Silesia ní 1801. Ilẹ̀ Rheinland gba gbòǹgbò náà dáadáa. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, ẹ ó rí i tí wọ́n kó o jọ gègèrè sí etí oko, bí ebè tí ẹnì kan wú tán tó gbàgbé síbẹ̀. Adùn rẹ̀ kò mọ́ bíi ti ṣúgà funfun. Ó ní ìkorò díẹ̀ lẹ́yìn, bí ṣúgà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná, ìkorò yẹn ni màmá sì ń fẹ́.

Èso àjàrà gbígbẹ ló kẹ́yìn, ẹ̀kúnwọ́ kan. Ọ̀rọ̀ ìjà nìyí. Ará Rheinland ò gbà pé Sauerbraten lè wà láìsí i. Ní Franken, níhà Nürnberg, wọ́n á fi Lebkuchen, ìbátan Printen, mú ọbẹ̀ ki, wọ́n á sì bi yín pé kí ni èso àjàrà ń wá nínú ẹran. Èmi ti rí ìjà ẹ̀gúsí àti ìjà ewédú, n ò dá sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: hóró kan tó ti mu ọbẹ̀ kíkan yẹn yó, tó wá bẹ́ sí ẹni lẹ́nu, ó tó ohun tí èèyàn lè fi ilé sílẹ̀ tìtorí rẹ̀.

Títọ́ wò ni mo fẹ́ kí ẹ rí. Ṣíbí kékeré, tí wọ́n ń ṣan lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan. Màmá fi ẹnu kàn án, wọ́n sì dúró. Èmi máa ń tọ́ ọbẹ̀ wò kí n sì sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n dúró ná, nítorí lẹ́nu tiwọn, adùn ló ń kọ́kọ́ dé orí ahọ́n, kíkan sì ń rọra bọ̀ lẹ́yìn, ó ń lọ sí ìdí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá yára dájọ́, adùn nìkan ló gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Wọ́n fi ìdajì ṣíbí Rübenkraut sí i. Wọ́n tọ́ ọ, wọ́n dúró, wọ́n wo ojú fèrèsé. Iyọ̀ díẹ̀, èyí tí ìka méjì lè mú. Wọ́n tún tọ́ ọ. Bí baálé tó ní ìyàwó méjì tó gbọ́n ni wọ́n ṣe ń ṣe é: dídùn àti kíkan ń gbé ilé kan náà, kò sì gbọdọ̀ sí èyí tó mọ̀ pé òun ni ààyò. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni wọ́n tọ́ ọ wò lọ́jọ́ yẹn. Ní ìkọkànlá, wọ́n pa iná láìsọ nǹkan kan.

Wọ́n gé ẹran ní ìdábùú fọ́nrán rẹ̀, ó nípọn tó ìka, iṣan àárín rẹ̀ sì ti di ìlà kan tó ń dán bíi gíláàsì tó tutù. Òrùka eléérú tí mo rí lọ́jọ́sí ti lọ. Kò sí etí, kò sí àárín. Àwọ̀ kan náà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo fi ẹ̀gbẹ́ fọ́ọ̀kì gé e. Ó kan. Mi ò lè pè é ní ohun mìíràn. Ó kan bí ògì ọjọ́ kẹta ṣe ń kan, kíkan tó ní ara, tó sì ń pe ẹnu padà. Mo fọ́ Klöße sínú ọbẹ̀, burẹ́dì díndín tó wà nínú rẹ̀ fọ́ lẹ́nu mi, n kò sì rántí sọ̀rọ̀ títí àwo fi mọ́.

Ní ọdún kejì, mo sè é fúnra mi. Èmi ni mo ra èjìká, mo ka kànáfùrù mẹ́rin, mo jẹ́ kí omi tutù, mo sọ̀ kalẹ̀ ní òwúrọ̀ márùn-ún. Mo nu ẹran pẹ̀lú bébà mẹ́wàá, kó má baà jẹ́ pé mo dín in kù. Mo dúró de ohùn rẹ̀ títí ó fi bọ́ sílẹ̀. Màmá jókòó sí tábìlì, wọ́n ká ọwọ́ lẹ́sẹ̀, wọn ò dá sí i ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo rò pé ọbẹ̀ ti dọ́gba, mo bu ṣíbí kékeré kan fún wọn. Wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n dúró. Wọ́n wo ojú fèrèsé pẹ́ títí, wọ́n dìde, wọ́n gbé ìgò ọtí kíkan sọ̀ láti orí pẹpẹ, wọ́n kán ẹ̀kán mẹ́ta sínú ìkòkò mi, wọ́n rò ó, wọ́n sì na ṣíbí náà sí mi kí n tọ́ ọ wò.